Bí Gílóòbù Tí Kì Í Jẹ Iná Púpọ̀ Ṣe Lè Pẹ́ Nínú Ilé

Ẹni tó bá ra gílóòbù LED lónìí yóò rí i lára páálí rẹ̀ pé wákàtí 15,000 tàbí 25,000 ni wọ́n ní yóò fi tàn. Bí a bá ń tan iná pálọ̀ fún wákàtí márùn-ún lálaalẹ́, wákàtí 1,825 ni a ń lò lọ́dún, èyí tó fi hàn pé gílóòbù oníwákàtí 15,000 yẹ kó lò ju ọdún mẹ́jọ lọ kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà ní Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo tó jẹ́ pé láàárín ọdún kan ni irú gílóòbù yìí ti ń jó, tí àwọn onílé sì ń sọ pé ayédèrú ni gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́ ni ayédèrú kún ọjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ń pa gílóòbù. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí gílóòbù, lórí iná tí kì í lọ sókè sódò, ni wọ́n ti ń díwọ̀n iye wákàtí tí wọ́n ń kọ sára páálí, inú ilé wa kì í sì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí a so gílóòbù sí àti irú iná tó ń wọ inú rẹ̀ ló ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó, ju orúkọ tó wà lára rẹ̀ lọ. Bí a ṣe lè tún méjèèjì ṣe, láti inú yàrá dé ìta, ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú gílóòbù tó wà lórí àjà yín

Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti àtijọ́, oníná pupa, tí okùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín gíláàsì rẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 1,000 ni òun máa ń lò, iye yìí kò sì ṣèèṣì wáyé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1924, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe gílóòbù, tí Osram àti Philips wà lára wọn, da ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Geneva. Ẹgbẹ́ náà fi wákàtí 1,000 ṣe òdiwọ̀n, ó sì ń bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ tí gílóòbù rẹ̀ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí pé irú gílóòbù yìí kì í pẹ́, ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ ń dà, díẹ̀ ló ń di ìmọ́lẹ̀.

Èkejì ni èyí tí a ń pè ní énájì sefà, onítúúbù funfun tí wọ́n lọ́ pọ̀ tàbí tí wọ́n tẹ̀ bíi lẹ́tà U. Láti wákàtí 6,000 sí 10,000 ni èyí tó dára nínú rẹ̀ ń lò. Ẹ̀kẹta ni LED, tí kò ní okùn wáyà, tí kò sì ní túúbù, bí kò ṣe àwọn ègé kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n tò sórí pátákó irin pẹlẹbẹ lábẹ́ ìdérí funfun rẹ̀. Fún ìmọ́lẹ̀ kan náà tí gílóòbù àtijọ́ oní 60 wáàtì ń fún wa, énájì sefà nílò nǹkan bíi 14 wáàtì, LED sì nílò bíi 9 péré.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí iye wákàtí yẹn túmọ̀ sí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí pé kì í ṣe ohun kan náà. Fún énájì sefà, wọ́n máa ń tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ papọ̀ nínú yàrá ìdánwò, wọn yóò fi í sílẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́ta, wọn yóò pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn yóò sì tún tàn án, títí ìdajì nínú wọn yóò fi jó. Iye wákàtí tí ó gbà ni wọ́n ń kọ sára páálí, nítorí náà ìdajì tó kù yóò kọjá iye yẹn, ìdajì kò sì ní dé ibẹ̀. Ti LED yàtọ̀: ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá dín kù sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó jẹ́ nígbà tó wà ní tuntun ni wọ́n sábà máa ń kà sí òpin rẹ̀. LED lè máa tàn síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kó má sì mọ́lẹ̀ tó mọ́ fún ọmọ tó ń kàwé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò wákàtí yàrá kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó náwó

Ẹ mú bíró àti ìwé, kí ẹ kọ gbogbo ibi tí gílóòbù wà nílé sílẹ̀, kí ẹ sì kọ iye wákàtí tí ó ń tàn lójúmọ́ síwájú rẹ̀. Ẹ sọ iye náà di ti ọdún, kí ẹ wá fi pín iye wákàtí tó wà lára páálí. Iná ìta tí a ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ń lo wákàtí 12 lóru, èyí tí í ṣe 4,380 lọ́dún. Gílóòbù àtijọ́ kò lè pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀, énájì sefà oníwákàtí 8,000 yóò lo bí ọdún méjì ó dín díẹ̀, LED oníwákàtí 15,000 yóò sì lo ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀. Bí iná kò bá sí ní gbogbo òru ní àdúgbò yín, ẹ yọ àwọn wákàtí òkùnkùn yẹn kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wákàtí kan lójúmọ́ ni iná ibẹ̀ ń tàn, ìyẹn 365 lọ́dún. Bí a bá pín 15,000 pẹ̀lú rẹ̀, a ó rí ogójì ọdún ó lé kan. Kò sí gílóòbù tí yóò lo ogójì ọdún, nítorí pé nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ yóò ti gbó kí wákàtí náà tó pé. Ìdí nìyí tí èmi kò fi rí i bí ohun tó bọ́gbọ́n mu láti ra gílóòbù olówó gọbọi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí yàrá ẹrù, kí a sì wá fi èyí tó rọjú sí pálọ̀ àti ìta. Ibi tí iná ti ń tàn pẹ́ jù lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí.

Owó iná gan-an tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé owó yúnìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ lójúmọ́, sí náírà 225. Bí a bá fi iye yẹn ṣírò, gílóòbù 60 wáàtì kan tó ń tàn fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́ yóò jẹ yúnìtì 109 lọ́dún, tí owó rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún náírà. LED 9 wáàtì yóò jẹ yúnìtì 16, tí owó rẹ̀ kò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Bí LED bá tilẹ̀ lo ọdún kan ṣoṣo, ó ti pa owó rẹ̀ wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yọ ọ̀tá àkọ́kọ́ kúrò, ìyẹn ooru

Bí ẹ bá tú gílóòbù LED tó ti jó wò, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ ó rí i pé àwọn ègé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń pé, àfi bóyá ọ̀kan tí àmì dúdú bíńtín wà láàárín rẹ̀. Nítorí pé wọ́n so gbogbo wọn tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan ṣoṣo, bí ọ̀kan bá jó, gbogbo wọn yóò kú. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀, nínú ọrùn gílóòbù náà, níbi tí pátákó kékeré kan wà tó ń yí iná ìjọba padà sí èyí tí LED lè lò. Ohun róbótó kan wà lórí pátákó yìí, tí kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, kápásítọ̀ ni. Bí orí rẹ̀ bá ti wú, tàbí tí omi aláwọ̀ ilẹ̀ bá ti ṣẹ́ jáde lára rẹ̀, ooru ló pa á. Omi tó wà nínú kápásítọ̀ yìí máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, òfin tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ń tẹ̀lé ni pé bí ooru tó yí i ká bá fi ìwọ̀n Celsius mẹ́wàá lọ sókè, ọjọ́ tó kù fún un yóò dín sí ìdajì. Nítorí náà, gílóòbù kan náà tó lè lo ọdún mẹ́jọ níbi tí afẹ́fẹ́ wà lè má lo ju ọdún méjì lọ níbi tí ooru ti há mọ́ ọn.

Ibo ni ooru ti ń há mọ́ ọn? Inú ìdérí gíláàsì róbótó tí a ń fi bo gílóòbù lórí àjà ni ó burú jù lọ, pàápàá èyí tí kò ní ihò kankan. Bí ẹ bá fẹ́ràn ìdérí náà nítorí ẹwà, ẹ lo gílóòbù tí wáàtì rẹ̀ kéré níbẹ̀, bíi 5 tàbí 7, dípò 15. Ibòmíràn ni àwọn iná tí a rì sínú àjà, tí páànù òrùlé kò jìnnà sí ẹ̀yìn wọn: láti ọ̀sán ni páànù ti gbóná, ooru náà yóò sì wà níbẹ̀ di alẹ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó má sì kó fóòmù tàbí páálí bò ó. Bí gílóòbù bá ṣe dojú kọlẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ wà lókè, ooru rẹ̀ a máa gòkè lọ bá pátákó rẹ̀. Bí a bá so ó sára ògiri tó sì nà síta, yóò tù ú lára díẹ̀.

Ọ̀yẹ́ tún máa ń da eruku bo gílóòbù. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo irú iná tó ń wọ ilé

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ gílóòbù ń kú sí lọ́dọ̀ wa. Iná ìjọba ní Nàìjíríà yẹ kó jẹ́ 230 fólítì, ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé inú rẹ̀ mọ bí ó ṣe ń rí: nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń lò ó papọ̀ lálẹ́, ó lè má kún rárá, nígbà tí iná bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn tí ó ti lọ, ó lè kọ́kọ́ fò sókè kó tó balẹ̀. Fífò sókè yẹn ń lu kápásítọ̀ LED, iná tí kò kún sì ń mú kí énájì sefà máa ṣẹ́jú kó tó tàn, tí ṣíṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ nínú orí túúbù rẹ̀. Nígbà tí iná bá lọ, ẹ pa swíìṣì yàrá tí ẹ kò sí nínú rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé gbogbo gílóòbù ilé ni yóò gba ìjì àkọ́kọ́ nígbà tí iná bá padà.

Èyí tó léwu jù lọ ni ti nútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, tó bá já. Láìfù mẹ́ta, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá, àti nútírà kan ni ó ń wá láti ara òpó sí àdúgbò, ọ̀pọ̀ ilé sì wà tó jẹ́ pé láìfù kan pẹ̀lú nútírà ni wọ́n ń lò. Bí nútírà bá já lórí òpó, tàbí tí ìsopọ̀ rẹ̀ bá tú, iná ilé kan lè gòkè láti 230 lọ sí tòsí 400 fólítì, nígbà tí ti ilé kejì yóò lọ sílẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé gílóòbù kan yóò ṣàdédé mọ́lẹ̀ rekete ju bó ṣe yẹ lọ, ti aládùúgbò yóò sì di bàìbàì. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má ṣe dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ pa swíìṣì àgbà ilé lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ké sí àwọn aládùúgbò kí àwọn náà pa tiwọn, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ iná. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun òpó.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, kékeré tàbí ńlá, ìgbà tí a ń tàn án àti ìgbà tí a ń pa á ni iná rẹ̀ máa ń ṣe ségesège jù lọ. Ẹ gbé ṣéńjì-ófà sí àárín kí ẹ tó fà á, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ohùn rẹ̀ dúró lójú kan, kí ẹ tó gbé iná wọ ilé. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa á, inú ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ gé. Kò dára kí a máa jẹ́ kí epo tán nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé bó ṣe ń fà lọ fà bọ̀ ní òpin yẹn, bẹ́ẹ̀ ni fólítì rẹ̀ ń fò tó sì ń wọlẹ̀. Àwọn ínfátà olówó pọ́ọ́kú kan náà wà tí iná wọn kì í lọ geere bíi ti ìjọba. Énájì sefà a máa kùn lórí wọn, ọrùn rẹ̀ a sì máa gbóná. LED tó dára ni kí ẹ lò pẹ̀lú irú ínfátà bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún yẹ ìdí gílóòbù wò. Bí ojú irin inú hóódà bá ti dúdú tàbí tó ti rọ̀, iná yóò máa ta pàràpàrà níbẹ̀, gílóòbù mẹ́wàá ni yóò sì jó lórí hóódà kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Pípààrọ̀ hóódà ni ojútùú rẹ̀. Bí LED bá sì ń tàn wínníwínní lóru lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nútírà ni ẹni tó ṣe wáyà ilé gbà kọjá inú swíìṣì dípò láìfù. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ gílóòbù: iná ṣì wà nínú hóódà náà nígbà tí swíìṣì wà ní pípa, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lè kú. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi gílóòbù síbi tó bá a mu

Énájì sefà kò fẹ́ títàn-pípa lemọ́lemọ́. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá tàn án ń gé díẹ̀ kúrò nínú orí túúbù rẹ̀, nítorí náà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti lórí àtẹ̀gùn, níbi tí a ti ń tàn án fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó lè má pẹ́ ju gílóòbù àtijọ́ lọ. Bí ẹ bá ṣì ní énájì sefà nílé, ẹ kó o lọ sí pálọ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí iná rẹ̀ máa ń tàn fún ìgbà pípẹ́. Títàn-pípa kì í ṣe LED ní nǹkan, òun ló yẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nínú balùwẹ̀ àti ilé ìdáná, ọ̀rinrin àti èéfín ni ẹ ó ṣọ́ra fún. Ẹ má ṣe so gílóòbù sókè sítóòfù gan-an. Fún ìta, ẹ wá ilé iná tó ní rọ́bà ní etí rẹ̀ kí òjò má wọlé, kí ẹ sì máa tú u lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti gbọn àwọn òkú kòkòrò inú rẹ̀ dànù, nítorí pé wọ́n ń bo ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì ń há ooru mọ́ gílóòbù. Gílóòbù tí a bá fẹ́ máa dín iná rẹ̀ kù láti ara swíìṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ yẹ ẹ́ wò lọ́wọ́ oníṣòwò

Ẹ ka ohun tó wà lára páálí. Èyí tí wọ́n kọ 100–265V sí lára yóò gba iná tí kò kún ju èyí tí wọ́n kọ 220–240V sí lọ, ìyẹn ni mo sì máa ń gba àwọn tó wà ní àdúgbò tí iná kì í kún níyànjú láti rà. Ẹ wo lumen, tí í ṣe òdiwọ̀n ìmọ́lẹ̀: LED 9 wáàtì gidi yóò sún mọ́ 800. Gílóòbù kékeré tó fúyẹ́ bí páálí òfìfo, tí wọ́n wá kọ 30 wáàtì sí lára, ń parọ́, nítorí pé LED tó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀ nílò irin tí yóò máa gbé ooru rẹ̀ kúrò, irin náà sì ní ìwúwo. Ẹ gbé e lọ́wọ́, kí ẹ gbé òmíràn tó jẹ́ wáàtì kan náà tì í.

Ẹ ní kí wọ́n tàn án níwájú yín. Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù sí i. Bí ìlà dúdú bá ń sáré kọjá lójú fóònù, iná inú rẹ̀ kò dúró lójú kan. Àmì MANCAP tí SON, àjọ tó ń yẹ ọjà wò bóyá ó dára, ń fún àwọn ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà wúlò láti wá lára èyí tí wọ́n bá pè ní ti abẹ́lé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ ọjọ́ àti iye oṣù tí wọ́n fi ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ sí, nítorí pé oníṣòwò tó mọ̀ pé ọjà òun kò ní pẹ́ kì í fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Gílóòbù tó ní bátìrì nínú, tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, ti wọ́pọ̀ gan-an, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ máa ń gbó kí LED rẹ̀ tó gbó, ooru sì ni òun náà ń sá fún. Ẹ má ṣe fi í sínú ìdérí gíláàsì, kí ẹ sì ra èyí tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ pààrọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Nígbà tí ó bá jó tàbí tó bá fọ́

Mẹ́kúrì díẹ̀ wà nínú túúbù énájì sefà, èyí tí kì í sábà ju mílígírámù márùn-ún lọ, kò sì dára fún ènìyàn láti fà á símú. Nítorí rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Minamata, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Japan lọ́dún 2013, fi ọdún 2025 ṣe òpin ṣíṣe énájì sefà tí kò ju 30 wáàtì lọ àti gbígbé e láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Bí ọ̀kan bá fọ́ nílé, ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, ẹ pa fáànù, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ẹ tó padà wọlé. Ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a, nítorí yóò fọ́n ọn ká. Páálí líle ni kí ẹ fi kó o, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù gbé àwọn ègé wínníwínní, kí ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tó ní ìdérí. Énájì sefà tí orí túúbù rẹ̀ ti dúdú, tó ń ṣẹ́jú, tó sì ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó, kò yẹ kó di ọ̀la lórí hóódà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ kọ ọjọ́ sí i lọ́rùn

Lọ́jọ́ tí ẹ bá so gílóòbù tuntun, ẹ fi máákà kọ oṣù àti ọdún sára ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì kọ yàrá tó wà sínú ìwé kan náà tí ẹ fi ṣírò wákàtí. Bí ó bá jó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ẹ ra irú rẹ̀ méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan náà: ẹ so ọ̀kan síbi tó ti jó, ẹ so èkejì sí yàrá mìíràn tí iná rẹ̀ ń tàn fún wákàtí kan náà. Bí èyí tó wà níbi ti àkọ́kọ́ bá tún jó nígbà tí èkejì ṣì ń tàn, hóódà, ìdérí tàbí wáyà ibẹ̀ ni kí oníṣẹ́ iná yẹ̀ wò. Bí méjèèjì bá jó láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn, tí àwọn gílóòbù ilé-iṣẹ́ mìíràn kò sì ní ìyọnu kankan, ọjà náà ni kò dára, kí ẹ kó o padà fún oníṣòwò pẹ̀lú rìsíìtì yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé oríṣiríṣi gílóòbù ló ń jó káàkiri ilé, iná tó ń wọlé ni. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọn fólítì rẹ̀ lọ́sàn-án àti ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lò ó, kí ẹ tó ra òmíràn.